Èkó tàbí Ìbàdàn? Àkọsílẹ̀ ìdílé aláró kan tó kó kúrò ní Òṣogbo

Ìdílé tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ń gbé ní Ìgbóǹnà, ní Òṣogbo. Bàbá Ìbejì ń so sólà, bátìrì àti ínfátà mọ́ ilé oníbàárà. Aláró ni Ìyá Ìbejì: ó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ó ń ṣe oníko, ó sì ń fi àbẹ́là yíyọ́ ṣe irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń rà lọ sóde àríyá. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Àwọn ìbejì wà ní JSS 2, Ìdòwú wà ní kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó bí bàbá wọn ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ló ń gbé, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí àwọn ọmọ náà má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Láàárín oṣù kan ṣoṣo, iṣẹ́ méjì yọ fún Bàbá Ìbejì. Ọ̀kan wà ní Ìkẹjà, ní Èkó, ₦380,000 lóṣù. Èkejì wà ní Ring Road, ní Ìbàdàn, ₦270,000 lóṣù. Owó tí wọ́n ti tù jọ fún kíkó lọ jẹ́ ₦1,900,000. Ohun tí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ àwa tí a ń gba àwọn tó ń wá ilé nímọ̀ràn ni pé ìlú wo ni kí wọ́n forí lé.

Gbogbo ẹbí ti dáhùn kí ọ̀rọ̀ tó délé: Èkó ni. ₦110,000 kì í ṣe owó tí ènìyàn ń rí kó fojú fò ó. Àmọ́ owó ẹnì kan ni ìwé ìgbanisíṣẹ́ ń sọ, ènìyàn márùn-ún ló sì fẹ́ kó. Iṣẹ́ ìyàwó kò sí nínú ìwé náà, bẹ́ẹ̀ òun ló ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Nígbà tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ owó oṣù, ìbéèrè kan péré ni Ìyá Ìbejì béèrè: "Bàbá Ìbejì, níbo lẹ fẹ́ kí n máa sá aṣọ sí?" Ìbéèrè yẹn ló tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ń gbé Èkó tàbí Ìbàdàn lódindi. Ilé kan ní àdúgbò kan lèèyàn ń gbé, ọ̀nà kan ló ń gbà lọ síbi iṣẹ́, omi kan ló ń fà. Nítorí náà, ilé méjì la fi wé ara wọn. Ọ̀kan jẹ́ ilé oníyàrá méjì ní Ìjù-Ìṣàgá, ní Èkó, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èyí tí ọkọ ti rí. Èkejì jẹ́ oníyàrá méjì ní Alákíà, ní ẹ̀gbẹ́ Ìbàdàn tó kọjú sí Òṣogbo.

Omi àti ilẹ̀ aláró

Lọ́jọ́ tí Ìyá Ìbejì bá pa aṣọ láró, ó ń lo tó ogún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, ìyẹn lítà 500. Pípa láró gan-an kọ́ ló ń mu omi, fífọ̀ ni. Aṣọ tó bá ti inú aró jáde gbọ́dọ̀ fojú kan omi tuntun lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán, kí sódà (kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n ń pò mọ́ aró) tó tán lára rẹ̀. Bí sódà bá kù, aṣọ náà yóò le gan-an-gan-an, yóò sì máa jẹ oníbàárà lára, àwọ̀ náà kò sì ní pẹ́ kó tó máa ṣí.

Ọ̀pọ̀ omi ilẹ̀ ní Èkó ní irin nínú. Bí bóòhù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á jáde, ó mọ́ lóló. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i fún wákàtí díẹ̀, irin tó yọ́ sínú rẹ̀ yóò di ìpẹtà, omi náà yóò pọ́n rúsúrúsú. Àwọn ará ilé ń fi wẹ̀, wọ́n ń fi fọ abọ́, wọ́n ti mọ́ ọn lára. Aláró kò lè mọ́ ọn lára. Ibi tí ẹ̀kọ tàbí àbẹ́là ti dí mọ́ aró ni funfun àdìrẹ, ibẹ̀ sì ni olùrà máa ń kọ́kọ́ wò. Bí funfun yẹn bá pọ́n, kò sí ẹni tí yóò bèèrè bí aró rẹ̀ ti dúdú tó.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba owó. A ní kí wọ́n bu omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun ní àárọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni tó fà á pọ̀, kí wọ́n fi síbí kékeré kan sódà sí i (igi ni kí wọ́n fi rò ó, kì í ṣe ọwọ́), kí wọ́n sọ aṣọ kọ́tìnnì funfun tó tó ìwọ̀n áńkáṣíìfù sínú rẹ̀, kí wọ́n sì dé e di ọjọ́ kejì. Sódà máa ń lé irin jáde kúrò nínú omi kíákíá, nítorí náà ènìyàn kò nílò ju alẹ́ ọjọ́ kan lọ láti mọ òótọ́. Aṣọ ti Ìjù-Ìṣàgá jáde pẹ̀lú àwọ̀ tíì tí kò ní mílíìkì, pẹ̀lú ìdọ̀tí pupa nísàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ti Alákíà jáde ní funfun.

Ènìyàn lè fọ irin kúrò nínú omi. Wọn yóò da omi láti òkè sínú tánkì kí afẹ́fẹ́ lè lù ú, wọn yóò jẹ́ kó sùn, wọn yóò wá jọ̀ ọ́ gba inú yanrìn. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ tánkì méjì àti yanrìn tí wọn yóò máa fọ̀ ni, ní ilé tí kì í ṣe tiwọn, tí ayálégbé mẹ́fà jọ ń fa omi kan.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún le ju ti omi lọ. Ọ̀pá márùn-ún aṣọ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 15. Bí ó bá pa mẹ́wàá lọ́jọ́ kan, okùn ìsáṣọ mẹ́wàá ni, pẹ̀lú àlàfo tí aṣọ tútù kò fi ní kan èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a fi kún un ibi ìdáná àbẹ́là àti ibi ìfọ̀, ilẹ̀ tí ìbú rẹ̀ kò dín ní ẹsẹ̀ bàtà 20, tí gígùn rẹ̀ kò sì dín ní 25, ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Ọkọ̀ àwọn ayálégbé ló gba gbogbo àgbàlá ilé Ìjù-Ìṣàgá. Lánlọ́ọ̀dù sì ti sọ pé òun kò fẹ́ iná igi, òun kò fẹ́ omi aró nínú gọ́tà. A kò lè dá a lẹ́bi. Omi sódà máa ń ba ohun ọ̀gbìn jẹ́, ó sì máa ń ba omi kànga jẹ́. Ilẹ̀ ọ̀tọ̀ ni wọn yóò yá, wọ́n sì dárúkọ ₦40,000 lóṣù. Ní Alákíà, ààbọ̀ pùlọ́ọ̀tì tó ṣófo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, onílẹ̀ gbà láti yá wọn ní ₦15,000 lóṣù títí tí yóò fi kọ́ ọ.

Ibi tí ₦110,000 ń gbà yọ́ lọ

Owó ilé Ìjù-Ìṣàgá jẹ́ ₦1,200,000 lọ́dún. Éjẹ́ǹtì gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, àgíríìmẹ́ǹtì gba ìdá mẹ́wàá mìíràn, owó kọ́ṣọ̀n jẹ́ ₦100,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦1,540,000 kí kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sọ́wọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù láti Òṣogbo gba ₦250,000. ₦110,000 péré ló kù nínú ohun tí wọ́n tù jọ, bẹ́ẹ̀ owó ilé ìwé tááàmù àkọ́kọ́ fún ọmọ mẹ́ta jẹ́ ₦250,000. Gbèsè ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ ìgbé ayé Èkó.

Alákíà: ₦600,000 lọ́dún, ìdá mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mejì, kọ́ṣọ̀n ₦50,000. ₦770,000. Ọkọ̀ akẹ́rù ₦130,000. Mílíọ̀nù kan náírà ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá yọ ₦110,000 náà wò lóṣooṣù. Ìyàtọ̀ owó ilé jẹ́ ₦50,000 lóṣù. Ó ku ₦60,000. Owó ọkọ̀ Bàbá Ìbejì fún ọjọ́ 22 lóṣù jẹ́ ₦2,400 lójúmọ́ ní Èkó, a ṣírò ₦1,400 ní Ìbàdàn. Ìyẹn gba ₦22,000, ó ku ₦38,000. Ilé ìwé irú èyí tí wọ́n ń lọ ní Òṣogbo yóò gba ₦250,000 ní tááàmù kan ní Èkó, ₦150,000 ní Ìbàdàn. Bí a bá pín ìyàtọ̀ tááàmù mẹ́ta sí oṣù méjìlá, ₦25,000 ni, ó ku ₦13,000. Ilẹ̀ aláró wá gba ₦25,000. Ibi tí wọ́n ti rò pé àwọn ń jèrè ₦110,000, ₦12,000 ni Èkó fi ń jẹ wọ́n lóṣù. A kò tíì mẹ́nu ba oúnjẹ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ń ṣì ṣe níbí: wọ́n máa ń ṣírò owó ọdún àkọ́kọ́ bíi pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí. Éjẹ́ǹtì àti àgíríìmẹ́ǹtì kì í padà wá ní ọdún kejì, kọ́ṣọ̀n sì yẹ kó padà sọ́wọ́ ayálégbé tó bá ń kó jáde. Ìdí nìyí tí a fi ya owó ìwọlé sọ́tọ̀ kúrò lára owó oṣooṣù. Owó ìwọlé ló ń sọ bóyá ẹ lè lọ. Owó oṣooṣù ló ń sọ bóyá ẹ lè dúró.

Bó bá jẹ́ pé Èkó ló yẹ wọ́n

A kò kọ Èkó. Ẹni tó bá wà nínú iṣẹ́ sólà mọ̀ pé Èkó ni ọjà náà wà, etíkun Èkó ni ọ̀pọ̀ pánẹ́ẹ̀lì ń gbà wọlé, ọjà Alábà sì wà níbẹ̀. Ká ní Bàbá Ìbejì kò tíì gbéyàwó, tàbí ká ní ìyàwó rẹ̀ ń ta aṣọ láì ṣe é, ìmọ̀ràn wa ì bá yí padà. Olùtajà kò nílò ilẹ̀ gbalasa. Ọjà Balógun ń gba ohun tí Gbági, ọjà aṣọ Ìbàdàn, kò lè gbà, owó tí wọ́n ń rà á níbẹ̀ sì ga jù.

Ẹni tí Èkó bá yẹ, kó má fi kìlómítà wá ilé, kó fi ojú ọ̀nà wá a. Ọkọ̀ ojú irin pupa, Red Line, gùn ní kìlómítà 27, láti Àgbádó dé Oyíngbò. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Ìjù, Agége, Ìkẹjà ni wọ́n tò tẹ̀ léra lórí rẹ̀. Ẹni tó lè fẹsẹ̀ rìn dé ibùdó Ìjù yóò sọ̀ ní Ìkẹjà láìfojú kan gó-sílóò. Ilé tó gba kéké àti dáńfó kó tó dé ibùdó kan náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó súnmọ́ lórí máàpù. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Erékùṣù lè wá ilé sí etí Blue Line, tó ń ti Mile 2 lọ sí Marina láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, kìlómítà 13, ibùdó márùn-ún.

Àmọ́ asólà kì í jókòó sójú kan. Ilé iṣẹ́ lè wà ní Ìkẹjà, kí oníbàárà wà ní Àjàh. Ọkọ̀ ojú irin kò gbé àkàbà àti bátìrì. Nítorí náà, àǹfààní Ìjù-Ìṣàgá kò ní í wúlò fún un ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin náà wà. Òfin ilé gbígbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò gbà kí lánlọ́ọ̀dù gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún, tí kò sì sí àdéhùn mìíràn láàárín wọn, oṣù mẹ́fà ni ìwé ìkìlọ̀ tirẹ̀. Òfin náà yọ Apápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tí Bàbá Ìbejì bá pàdé ní Èkó ní ọdún méjì lòun ń gbà. Ẹni tó bá mọ òfin yìí kò ní í fi ìjà bẹ̀rẹ̀, yóò kàn wá ilé mìíràn, nítorí ẹni tó fi àìbìkítà òfin bẹ̀rẹ̀ kò ní í bìkítà nígbà tí òrùlé bá ń jò.

Ìgbà òjò wà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán ní ìparí òjò, àwọn àdúgbò etí Odò Ògùn, bíi Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú àti apá Kétu sí Agboyì, ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ilé olówó pọ́ọ́kú pọ̀ níbẹ̀, ìdí rẹ̀ náà sì nìyẹn.

Wíwá ilé ní Ìbàdàn

Ìbàdàn ni ìdílé yìí padà yàn. Wọ́n ní Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì, àmọ́ àjèjì náà gbọ́dọ̀ mọ apá ibi tí yóò wọ̀ sí. Apá ibi tó kọjú sí ọ̀nà ìlú rẹ̀ ló dára jù fún ẹni tí yóò máa padà sílé. Láti Alákíà, Ìyá Ìbejì lè dé Gbági tuntun lójú ọ̀nà Ifẹ̀ àtijọ́ láìwọ inú ìlú. Iwo Road kò jìnnà, ibẹ̀ ni ọkọ̀ Òṣogbo wà, nǹkan bíi wákàtí méjì sì ni wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà. Aṣọ tó bá ń lọ sí Èkó náà, Iwo Road ni yóò ti wọ ọkọ̀. Ẹnì kan nínú ẹbí dábàá ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn. Kìlómítà 157 ni, ó rọrùn, àmọ́ Mọ́níyà ni ibùdó rẹ̀ wà, ní ìparí ìlú lápá àríwá. Owó tí wọn yóò fi gbé ẹrù aṣọ láti Alákíà dé Mọ́níyà yóò jẹ èrè rẹ̀ tán.

Ìgbà mẹ́ta ni a ní kí wọ́n wo ilé kan náà: ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ kí wọ́n rí bí mícrà (takisí Ìbàdàn) ti ń wọ́n tó, ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí wọ́n rí iná àti ariwo, àti lẹ́yìn òjò ńlá. Ìgbà kẹta yìí ló gba wọ́n sílẹ̀. Ilé tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ràn wà lẹ́bàá odò kékeré kan, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún, ó ń dán. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn ilé lẹ́yìn òjò, wọ́n rí ìlà aláwọ̀ ẹrẹ̀ kan lára ògiri ọgbà, ó gùn tààrà láti ìgun dé ìgun, ó ga dé orúnkún. Ọ̀dà tuntun ti bo ti iwájú, kò sẹ́ni tó rántí ti ẹ̀yìn. Ìlú tí odò Ògùnpa ya wọ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí àgbàrá tún gbé ilé àti afárá lọ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, kì í ṣe ìlú tí èèyàn ń fojú fo odò kékeré. Wọ́n fi ilé yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mítà iná ni ohun tó kàn. Ẹ gba nọ́ḿbà mítà, ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì iná tó ni àdúgbò náà, kí wọ́n bá yín wò ó bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀. Mítà alásansílẹ̀ tó jẹ gbèsè yóò máa yọ gbèsè ayálégbé àná nínú owó tí ayálégbé òní bá rà. Gbèsè wà lórí ti Alákíà. Wọ́n jẹ́ kí lánlọ́ọ̀dù san án tán kí àgíríìmẹ́ǹtì tó wáyé. Lẹ́yìn àgíríìmẹ́ǹtì, kò sẹ́ni tí ì bá dá wọn lóhùn. Kí wọ́n tún bèèrè báńdì tí òpópónà náà wà, ìyẹn ìpele iye wákàtí tó yẹ kí iná wà: A kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí 20 lójúmọ́, B jẹ́ 16, C jẹ́ 12, D jẹ́ 8, E jẹ́ 4. Aládùúgbò ni kí ẹ bi, ẹ má bi éjẹ́ǹtì. (Ará Òṣogbo máa ń rò pé òun ti mọ ọ̀rọ̀ iná tán, torí ìlú rẹ̀ ni wọ́n ti ń darí okùn iná gbogbo Nàìjíríà. Ìyẹn kò ní kí tíràǹsífọ́mà òpópónà kankan má bàjẹ́.)

Owó ilé lọ tààrà sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ lánlọ́ọ̀dù, orúkọ kan náà tó wà lórí ìwé ilẹ̀ àti lórí rìsíìtì. Ti éjẹ́ǹtì lọ lọ́tọ̀. Éjẹ́ǹtì tó bá ní kí gbogbo rẹ̀ gba ọwọ́ òun kọjá, ẹ má san kọ́bọ̀ fún un. Ilé kan náà tí wọ́n gbowó lọ́wọ́ èèyàn mẹ́rin lé lórí kì í ṣe ìtàn. Ojú ọ̀nà yìí ni wọ́n ń gbà ṣe é.

Ọmọ àti ẹrù

Àwọn ìbejì ló pinnu oṣù tí wọ́n kó. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣètò ìdánwò àṣejáde JSS 3 tirẹ̀, ilé ìwé sì ń fi àmì ìdánwò inú kíláàsì ránṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ ọmọ. Ọmọ tó bá kó dé láàárín JSS 3 lè bá ìforúkọsílẹ̀ tó ti parí. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n parí JSS 2 ní Òṣogbo, wọ́n kó ní oṣù kẹjọ. Lẹ́tà ìfisílẹ̀, káàdì èsì tááàmù mẹ́ta tó kẹ́yìn àti ìwé ìbí ni wọ́n gbà kí ilé ìwé tó ti fún ìsinmi. Ẹni tó bá dúró di oṣù kẹjọ láti wá ọ̀gá ilé ìwé, ilẹ̀kùn títì ni yóò bá.

Bàbá Ìbejì ti ṣáájú wọn lọ ní oṣù karùn-ún. Ó wọ̀ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Mọ́nátan, ní Ìbàdàn, fún oṣù mẹ́ta, ó ń mú oúnjẹ wọlé, ó sì dá ọjọ́ tí yóò kó jáde fún aya ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí tí a fi ní kó ṣáájú ni pé oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán an wò níbi iṣẹ́. Kò dára kí ìdílé kó dé kí iṣẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹrù ilé kò lọ́rọ̀ púpọ̀: ẹ gbé fíríìjì nàró, ẹ má tàn án fún wákàtí díẹ̀ tó bá délẹ̀. Ẹrù aláró ló ní ewu. Sódà kò gbọdọ̀ wà nínú ohun alumíníọ̀mù rárá, torí ó máa ń jẹ ẹ́, ó sì máa ń tú gáàsì tó lè gbiná jáde. Inú kẹ́ẹ̀gì tàbí garawa oníke tó ní ìdérí líle ni kó wà. Haidirosọ́fáìtì, ìyẹn ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń tú aró, kò gbọdọ̀ rí omi. Bí ìrì tàbí òjò bá ta sí i díẹ̀, yóò gbóná fúnra rẹ̀, ó sì lè gbiná láàárín ẹrù. Oṣù kẹjọ ni, òjò wà lójú ọ̀nà. Wọ́n fi ọ̀rá méjì di í, wọ́n sọ ọ́ sínú garawa gbígbẹ, wọ́n sì gbé e sí iwájú ọkọ̀, jìnnà sí sódà, jìnnà sí mátíréèsì. Ìkòkò aró kò lọ. Ọmọ iṣẹ́ méjì ni wọ́n fi sídìí rẹ̀ ní Ìgbóǹnà, torí àwọn àlejò tó ń wá wo Ọ̀ṣun ṣì ń wá ibẹ̀ wá ra aṣọ.

Lẹ́yìn ọdún kan

Ohun méjì ni a ṣì ṣírò. Àkọ́kọ́ ni owó ọkọ̀. ₦1,400 tí a kọ sílẹ̀ jẹ́ ti ọ̀nà tààrà láti Alákíà sí Iwo Road, sí Challenge, sí Ring Road. A kò ka ọ̀kadà láti ẹnu ilé dé títì, a kò sì ka mícrà tó máa ń gé ọ̀nà sí méjì ní ìrọ̀lẹ́ kó lè gbowó lẹ́ẹ̀mejì. ₦1,900 ló padà jẹ́. ₦500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 22 jẹ́ ₦11,000 lóṣù. ₦12,000 tí Ìbàdàn fi ṣáájú Èkó wá ku ₦1,000. Bó bá jẹ́ owó nìkan ni, ìlú méjèèjì dọ́gba. Ohun tó wá jẹ́ kí Ìbàdàn ṣì yẹ wọ́n ni pé wọn kò jẹ gbèsè wọlé, pé aṣọ Ìyá Ìbejì jáde ní funfun, àti pé ọkọ ń délé kí àwọn ọmọ tó sùn. A gbà pé ohun tó tó ìdí ni. Ẹlòmíràn lè wo ₦1,000 yẹn kó sọ pé òun yóò fara da Èkó nítorí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, kò sì ní í jẹ́ àṣìṣe.

Èkejì ni kànga, òun ló dunni jù, torí ó yẹ ká mọ̀. Oṣù keje ni wọ́n yẹ kànga Alákíà wò. Ní oṣù keje, gbogbo kànga Ìbàdàn ló kún. Lórí àpáta ni ìlú náà jókòó sí. Omi kànga wà nínú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta náà àti nínú sísán rẹ̀, kò sì pọ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le, omi á fà sísàlẹ̀. Ní ìparí oṣù kejì, garawa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrẹ̀ jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Ìyá Ìbejì fi ra omi táńkà, ó sì dín iye ọjọ́ tó ń pa aró kù sí ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Àwọn ayálégbé tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Ìbéèrè tí a ní kí wọ́n bi wọ́n ni bóyá omi náà mọ́, a kò ní kí wọ́n bi wọ́n oṣù tó ń gbẹ. Láti ìgbà náà, "oṣù wo ni kànga yìí máa ń gbẹ?" ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a ń kọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ilé ní Ìbàdàn.

Lánlọ́ọ̀dù àti ayálégbé mẹ́rin dáwó jọ. Wọ́n pe agbẹ́kànga ní oṣù kẹta, nígbà tí omi ti fà dé ìsàlẹ̀ pátápátá, torí ìgbà yẹn nìkan ló lè dúró nínú kànga kó rí ojú ibi tí omi ń gbà wọlé. Ó gbẹ́ ẹ sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí i, ó fi rìǹgì kọ́ńkéréètì méjì sí ìsàlẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ má baà ya. Ìyá Ìbejì ra tánkì onílítà 2,000 méjì, èyí tó tó fún ọjọ́ ìpaṣọ mẹ́jọ, ó gbé wọn lé orí bíríkì, ó sì ń kún wọn láti oṣù kọkànlá.